Ta Ló Ń Pa Fáànù Apá Òsì?

Fáànù karùn-ún kú ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, lọ́sàn-án Ọjọ́rú, lójú obìnrin mọ́kànlá tó jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Kò pariwo. Ó ta pó lẹ́ẹ̀kan, ó yọ èéfín díẹ̀ nídìí, apá rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń falẹ̀ títí wọ́n fi dúró.

Kí aago tó lu mẹ́ta, wọ́n ti mú ẹni tó pa á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fáànù ṣe ni. Fáànù-Ò-Kú ni àdúgbò ń pè é, nítorí ohun tó kọ sára àpò irinṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Òun ló so àwọn fáànù náà mọ́ òrùlé. Ojú títì ni wọ́n ti bá a, níwájú ilé aránṣọ, rìmóòtù fáànù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Aránṣọ, tó ni ilé iṣẹ́ náà, bọ́ síta, ó ká ọwọ́ lérí, ó sì fi ohùn tó dé ìpẹ̀kun àdúgbò kígbe.

"Olè! Ẹ bá mi mú un o! Rìmóòtù ló fi ń jó fáànù mi láti ìta, kí n lè máa pè é padà wá ṣiṣẹ́!"

Wọ́n bá a mú un. Nígbà tí wọ́n ń tì í wọ inú ọkọ̀ ọlọ́pàá, ẹnì kan ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn: "Fáànù-Ò-Kú, fáànù mà ti kú o!"

*

"Ọ̀gá, ẹjọ́ yìí ti parí," ni Sájẹ́ǹtì wí láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. "Aago mẹ́rin ni fáìlì rẹ̀ ń lọ sí kóòtù. Ẹ kàn bá wa fọwọ́ sí i."

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ń bá sọ̀rọ̀ jẹ́ obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀gá Rọra ni gbogbo tésàn ń pè é. Kò sí orúkọ yẹn nínú ìwé ìjọba kankan. Ó gbà á nítorí pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń sọ fún ọlọ́pàá tó bá ti ń sáré.

"Rọra," ó wí. "Kí ló jí?"

"Kò jí nǹkan, mà."

"Olè tí kò jí nǹkan."

"Ó ń ba nǹkan jẹ́ ni. Ó ń pa fáànù."

"O gbọ́ tẹnu ìyá tó ni fáànù. O gbọ́ tẹnu òun náà?"

Sájẹ́ǹtì họ ọrùn. "Ó ń sọ̀rọ̀ nípa bọ́ọ̀dù, mà. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ mọ́."

"A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà," ni Ọ̀gá Rọra wí, láìgbé ohùn sókè. "Lọ mú un wá. Gbé àpò rẹ̀ náà wá."

*

Wọ́n fi Fáànù-Ò-Kú jókòó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní bàtà. Ojú rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n kò sunkún.

"Ṣé ìwọ lo pa wọ́n?"

"Èmi kọ́, mà."

"Ta ni?"

"Ká ní mo mọ̀ ọ́n ni, ǹ bá ti sọ. Oorun kò tíì kun ojú mi láti ọjọ́ Ajé."

"Sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Má fi nǹkan kan ṣáájú èkejì."

Ó sọ ọ́. Fáànù mẹ́jọ ló so sílé aránṣọ, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Irú èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀ ni. Fáànù àtijọ́, wáyà àti irin lásán ló wà nínú rẹ̀. Ti ìsinsìnyí ní bọ́ọ̀dù, pátákó tínrín tí wọ́n to ẹ̀yà wẹ́wẹ́ sí, tó ń wọn iná fún un bí ìyá ṣe ń wọn oògùn fún ọmọ. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ṣiṣẹ́, kò sí wàhálà. Ọjọ́ Ajé tó kọjá, méjì kú lápá òsì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, méjì yòókù lápá òsì náà tẹ̀lé wọn. Láàárọ̀ Ọjọ́rú ó fi bọ́ọ̀dù tuntun sínú ọ̀kan nínú wọn, ó tàn án, ó ń fẹ́ dáadáa. Aago méjì lé díẹ̀, ìyẹn náà kú. Ikú karùn-ún nìyẹn.

"Apá ọ̀tún ńkọ́?"

"Kò sí èyí tó kú níbẹ̀, mà. Wọ́n kàn ní wọ́n máa ń falẹ̀ lọ́sàn-án."

"Kí ni rìmóòtù ń wá lọ́wọ́ rẹ ní títì?"

"Mo gbàgbé rẹ̀ sápò. Mo jáde lọ ra omi, mo wá ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá bí mo ṣe dúró. Mo kàn ń fi ṣeré ni."

"Wọ́n pè é lólè, ó tún ń gbé ọmọ ẹran jó!" ni Sájẹ́ǹtì wí láti ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀gá Rọra kò wò ó. Ó tú àpò irinṣẹ́ náà, ó kó bọ́ọ̀dù márùn-ún tó ti jó jáde, ó tò wọ́n sórí tábìlì bí ẹni tó ń to ẹja síta. "Fi ibi tó kú hàn mí."

Ọmọkùnrin náà tọ́ka. Ní eteetí bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà roboto kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ ti bẹ́, ó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò.

"Kí ni iṣẹ́ èyí?"

"Aṣọ́nà ni, mà. Ibi tí iná ń gbà wọlé ló dúró sí. Bí iná bá ti pọ̀ jù, òun ló máa ń kọ́kọ́ kú, kí fíúsì lè já, kí àwọn tó wà nínú lè yè."

"Márààrún, ibì kan náà?"

"Ibì kan náà, mà."

Ó gbé ọ̀kan sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. "Sájẹ́ǹtì, bí wọ́n bá pa ọdẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, tí kò sí ohun tó ṣe àwọn tó wà nínú yàrá, ṣé ará ilé ló pa á, àbí àlejò?"

"Àlejò, mà."

"Ó dára." Ó yíjú sí ọmọkùnrin náà. "O wọn iná ilé náà?"

"Mo wọ̀n ọ́n. Igba fólítì ó lé ogún, geere."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí n gun àkàbà lọ́sàn-án, torí wọ́n ń lọ aṣọ nígbà yẹn."

Ọ̀gá Rọra mú tẹ́sítà tó fi ń wọn iná nínú àpò náà, ó dìde.

"Mà," ni Fáànù-Ò-Kú wí. "Tí fáìlì yẹn bá dé kóòtù, bí wọ́n tilẹ̀ dá mi sílẹ̀ lọ́la, ta ló tún máa jẹ́ kí n gun àkàbà nínú yàrá rẹ̀?"

 Ọ̀gá Rọra wo aago ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́wàá ti kọjá.

*

Ilé aránṣọ náà jẹ́ yàrá gígùn kan ṣoṣo. Aṣọ iléèwé ni wọ́n ń rán. Lápá òsì, ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tò lọ rẹrẹ, tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ wà láàárín wọn, àwọn bébà tí wọ́n ń gbé lé aṣọ kí wọ́n tó gé e sì tẹ́ sórí rẹ̀. Lápá ọ̀tún, tábìlì gígùn tí wọ́n ti ń lọ aṣọ ló wà níbẹ̀, áyọ́ọ̀nù mẹ́rin dúró lórí rẹ̀ láìtíì gbóná. Láti òrùlé, fáànù mẹ́rin ń yí lápá ọ̀tún, mẹ́rin dúró gbagidi lápá òsì. Ní kọ̀rọ̀ òsì, fáànù àtijọ́ kan tí wọ́n kọ̀ láti sọ nù ń yí jẹ́jẹ́.

Ohun mìíràn wà tí èèyàn kò lè ṣàì rí. Fèrèsé, àpótí ìjókòó, ẹsẹ̀ tábìlì, títí dé ọwọ́ àlùmọ́gàjí, gbogbo wọn ló jẹ́ àwọ̀ ewé. Bàbá kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà, agolo ọ̀dà wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó ń kun igi tí wọ́n fi ń wọn aṣọ.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá," ni Ọ̀gá Rọra kí i.

"Iṣẹ́ kò ní pa wá, ọmọ mi."

"Ọkọ mi nìyẹn," ni Ìyá Aránṣọ wí, bó ṣe ń jáde bọ̀ pẹ̀lú okùn ìwọnṣọ lọ́rùn. "Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọn kò lè jókòó lásán. Ẹ má dúró pẹ́ níbẹ̀, tí ẹ bá dúró pẹ́, wọ́n á kùn yín."

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

"Ìyá, ẹ ní ẹ rí ọmọ náà nígbà tó ń tẹ rìmóòtù."

"Ojú mi méjèèjì ló ṣe!"

"Ìgbà yẹn gan-an ni fáànù kú?"

"Ìgbà yẹn gan-an!"

"Ṣé inú ilé lẹ wà tí ẹ ń wo fáànù, àbí ìta lẹ wà tí ẹ ń wo ọmọ?"

Ìyá Aránṣọ la ẹnu, ó pa á dé. "Ọmọ iṣẹ́ mi tí à ń pè ní Abẹ́rẹ́ ló kígbe pé fáànù ti jó. Mo wá sáré jáde. Mo rí i."

"Ó ti kú kí ẹ tó rí i nìyẹn."

"Ẹni tó bá jẹ iṣu, ṣé dandan ni kí n bá a lẹ́nu rẹ̀?"

Ọ̀gá Rọra fa rìmóòtù náà yọ nínú àpò rẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì nà án sí Sájẹ́ǹtì. Àyè bátìrì méjì ló wà níbẹ̀. Bátìrì kan péré ló wà nínú rẹ̀.

"Tẹ̀ ẹ́ sí fáànù apá ọ̀tún yẹn."

Sájẹ́ǹtì tẹ̀ ẹ́. Ó fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Fáànù ń yí lọ bí ẹni tí kò gbọ́.

"Bóyá ó yọ èkejì jù nù nígbà tó rí wa, mà."

"Bóyá." Ó gbójú sókè sí aago ara ògiri tó ń lọ kìn-ìn kìn-ìn. "Ta ló ń tọ́jú aago yìí?"

 Ojú mẹ́wàá yí sí ibì kan náà.

*

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, torí pé ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú. Lọ́jọ́ yẹn, ẹnu náà kọ́kọ́ kú.

"Èmi ni mo mú bátìrì náà," ó wí níkẹyìn, nígbà tí àwọn yòókù lápá òsì ti lọ jẹun ọ̀sán. "Aago yẹn ti kú fún oṣù kan, ojoojúmọ́ sì ni Màmá ń bú wa pé a pẹ́. Nígbà tí Fáànù-Ò-Kú gbé rìmóòtù kalẹ̀ láàárọ̀ àná, mo yọ bátìrì kan, mo fi sínú aago. Ó wọ̀ ọ́ wẹ́kú. Mi ò mọ̀ pé wọ́n á torí rìmóòtù yẹn mú ọmọ ọlọ́mọ."

"O rí i tí wọ́n ń mú un lọ, o sì dákẹ́?"

Ó tẹ orí ba. "Ẹ̀rù Màmá bà mí, mà."

"Ọ̀gá!" Sájẹ́ǹtì ti ń wá ìwé kékeré rẹ̀. "Òun nìyẹn! Ó ń bínú sí ọ̀gá rẹ̀, ó mú bátìrì, ó wá..."

"Ó wá ṣe kí ni? Ó fi aago pa fáànù?"

"Sájẹ́ǹtì yìí," ni Abẹ́rẹ́ wí, ẹnu rẹ̀ ti jí, "tí adìyẹ bá kọjá báyìí, ẹ ó mú un."

"Rọra, ẹ̀yin méjèèjì. Ọ̀nà rìmóòtù ti dí. Ohun kan ló ṣẹ́ kù fún mi níbẹ̀: aago yìí lọ dáadáa lánàá, ó sì jẹ́rìí pé aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin ni." Ọ̀gá Rọra ń wo tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ. Àwọn obìnrin apá òsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà dé láti ibi tí wọ́n ti lọ jẹun ọ̀sán. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń jókòó, ó ń gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ lé orí bébà tó wà níwájú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣe é. "Kí ló dé tí ẹ fi ń gbé irin lé bébà?"

"Fáànù àgbà yẹn ni," Abẹ́rẹ́ tọ́ka sí kọ̀rọ̀. "Láàárọ̀, jẹ́jẹ́ ló ń lọ. Tó bá ti di ọ̀sán, á ya wèrè. Á máa fẹ́ bí ìjì, bébà á fò dé ẹnu ọ̀nà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ọjọ́ Ajé."

"Ọjọ́ Ajé," ni Ọ̀gá Rọra tún un wí.

"Tiyín tilẹ̀ sàn!" Ohùn yẹn wá láti apá ọ̀tún. Ìyá Ìbejì ni, olórí àwọn tó ń lọ aṣọ, obìnrin sísanra kan tó ní apá bí ọmọ odó. "Ẹ wá lọ aṣọ lọ́dọ̀ mi, kí ẹ rí ìyà. Áyọ́ọ̀nù kò gbóná mọ́. Ìlà kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń lọ̀ ọ́. Fáànù tó wà lórí mi sì ń rìn bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ lọ."

"Láti ọjọ́ Ajé?"

"Ta ló sọ fún yín?"

*

Ọ̀gá Rọra jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Sájẹ́ǹtì tẹ̀lé e.

"Sọ ohun tí o rí."

"Iná ìjọba ló burú, mà. Mo ti mọ̀ báyìí. Ká tú ọmọ náà sílẹ̀ ká lọ mú àwọn oníná."

"Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Bí iná ìjọba bá burú, gbogbo ilé ló ń bá jà. Iná yìí ń pín yàrá kan sí méjì. Lápá òsì, ó pọ̀ jù: fáànù tuntun ń kú, fáànù àtijọ́ tí kò ní bọ́ọ̀dù ń ya wèrè. Lápá ọ̀tún, kò tó: áyọ́ọ̀nù kò gbóná, fáànù ń wọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀sán kan náà, ilé kan náà."

"Ṣé ó ṣeé ṣe?"

"Iṣẹ́ òpó iná ni bàbá mi ṣe títí ó fi dàgbà. Ó máa ń sọ fún wa pé bí iná bá ń ṣe bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú, kí a má wo ibi tó ń gbà wọlé, kí a wo ibi tó ń gbà padà."

Ó padà wọlé, ó bi Ìyá Aránṣọ ní ohun kan ṣoṣo: ìgbà wo ni wọ́n ń tan áyọ́ọ̀nù?

"Aago méjì," ni Ìyá Aránṣọ dáhùn, ó sì na ọrùn díẹ̀. "Láti ọdún méjìlá. Aṣọ kankan kì í kan áyọ́ọ̀nù nílé mi àfi tí gbogbo ti ọjọ́ náà bá ti wà ní rírán. A ó wá tan mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìlà ṣokoto gbogbo ọmọ iléèwé ṣe máa ń dọ́gba."

"Ọdún méjìlá ni áyọ́ọ̀nù. Oṣù mẹ́ta ni fáànù. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni ikú. Kí ló yí padà nílé yìí láàárín ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Ajé?"

"Kò sí nǹkan kan. A ti ilẹ̀kùn. A sinmi."

"Nígbà tí fáànù ń jó, kí lẹ gbóòórùn?"

"Ọ̀dà," ni Abẹ́rẹ́ wí. "Ọ̀dà tó ń jó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà wo ilé yìí, mà. Ọ̀dà là ń fà símú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀."

Lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá ti kun igi ìwọnṣọ náà tán. Ó ń wo yíká bóyá ó ku ohun tí kò tíì dé ọwọ́ òun.

*

Nígbà tí aago méjì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, gílóòbù méjì ti wà ní títàn, irú ti àtijọ́ tí wáyà rẹ̀ máa ń pọ́n, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún. Ọ̀gá Rọra ló ní kí wọ́n wá wọn lọ ra. Ó ní ẹlẹ́rìí méjì tí kò lè purọ́ ni wọ́n. Ó ti wọn iná lápá méjèèjì: igba ó lé ogún, igba ó lé ogún. Àwọn gílóòbù náà jọra bí ojú méjì.

"Tẹ́sítà nìyí, Sájẹ́ǹtì. Dúró lápá òsì. Ohun tó bá kọ, kà á síta. Ìyá Ìbejì, ẹ tan áyọ́ọ̀nù yín."

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn.

Gílóòbù apá ọ̀tún pọ́n, ó ṣú, ó dà bí ẹyin iná tó fẹ́ kú. Ti apá òsì funfun débi pé kò ṣeé wò. Fáànù àgbà tó wà ní kọ̀rọ̀ han, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Gbogbo bébà orí tábìlì gbé etí sókè lábẹ́ àlùmọ́gàjí.

"Igba ó lé àádọ́ta!" ni Sájẹ́ǹtì kígbe. "Igba ó lé àádọ́rin! Ó ń gòkè! Ọ̀ọ́dúnrún ku..."

"Ẹ pa á! Ẹ pa á kíá!"

"Ọ̀gá," ni Sájẹ́ǹtì wí, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti dákẹ́, "ẹ rọra."

Ẹ̀rín gba yàrá náà. Ọ̀gá Rọra pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí àpótí iná wà, ó ti pa iná ńlá. Àpótí náà mọ́ tónítóní, àwọ̀ ewé ni. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án, ó yára fà á kúrò. Ó gbóná bí ìkòkò.

Ó ṣí i. Inú rẹ̀ náà jẹ́ àwọ̀ ewé. Ọ̀pá irin kan wà nísàlẹ̀ tí wọ́n de oríṣiríṣi wáyà mọ́. Òun náà jẹ́ àwọ̀ ewé látòkè délẹ̀, àfi lábẹ́ ìdè tó tóbi jù, níbi tí ọ̀dà ti jó di èédú.

"Ẹ wá wò ó," ó wí. Wọ́n kó ara wọn jọ yí i ká. "Ọ̀nà méjì ni iná ń gbà wọ yàrá yín, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yìí kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ń gbà padà. Òun ni ìyá tó ń pín oúnjẹ fún ọmọ méjì. Níwọ̀n ìgbà tí ìyá bá wà níbẹ̀, kálukú ń gba tirẹ̀. Tí ìyá bá jáde, àwọn ọmọ á máa pín in fúnra wọn. Ẹ mọ bó ṣe ń rí. Apá tó ń ṣiṣẹ́ jù, apá áyọ́ọ̀nù, díẹ̀ ló ń kàn án. Apá tó kàn jókòó ń gbà jù, bọ́ọ̀dù kékeré tó wà nínú fáànù kò sì lè gbé e."

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni kì í yó," ni Ìyá Ìbejì wí. "Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé wa."

"Láàárọ̀, iṣẹ́ kò tíì pọ̀, ìwọ̀nba tí irin ń kan irin lábẹ́ ọ̀dà ti tó fún un. Ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi wọn iná láàárọ̀ tí kò rí nǹkan kan. Aago méjì, áyọ́ọ̀nù mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, kò lè tó mọ́."

Kò béèrè ẹni tó kun àpótí náà. Kò sẹ́ni tó béèrè. Wọ́n kàn yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

Bàbá ti dìde. Búrọ́ọ̀ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀dà ń kán sí i lẹ́sẹ̀.

"Ó ti dípẹtà," ó wí. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni. Mo pa iná ńlá, mo tú gbogbo ìdè. Mo kun irin yẹn lẹ́ẹ̀mejì kó lè dúró. Nígbà tó gbẹ, mo tún wọn dè. Mo dè wọ́n le, ọmọ mi. Mo dè wọ́n le dáadáa."

"Ẹ dè wọ́n le lóòótọ́, Bàbá. Orí ọ̀dà lẹ dè wọ́n lé."

*

Ìyá Aránṣọ fa Ọ̀gá Rọra sí kọ̀rọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáànù àgbà.

"Ọmọ mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ tú ọmọ yẹn sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé iná ló ṣe é. Ká má dárúkọ Bàbá wọn. Ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe yìí nìkan ló kù fún wọn."

"Kíkun àpótí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, Ìyá. Mi ò ní kọ orúkọ wọn síbì kankan."

"Olúwa á ṣe é fún yín."

"Ti ọmọ náà ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà fẹ́ tú u sílẹ̀. Ó ti tán."

"Ibo lẹ ti pè é lólè?"

Ìyá Aránṣọ ń fa okùn ìwọnṣọ tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Ní títì."

"Jẹ́jẹ́ ni?"

Ìyá Aránṣọ yíjú sí títì.

*

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí Sájẹ́ǹtì gbé Fáànù-Ò-Kú dé. Bàtà ti wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn ará ilé tó wà níwájú bọ́ sí ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹni tó ṣe yẹ̀yẹ́ lánàá wà láàárín wọn.

Ìyá Aránṣọ dúró ní títì, níbi tó dúró sí lánàá gan-an.

"Ọmọ yìí kì í ṣe olè," ó wí.

"A ò gbọ́ o!" ni ẹnì kan wí láti òdìkejì.

Abẹ́rẹ́ yọ orí lójú fèrèsé. "Màmá, ohùn àná dà?"

Obìnrin àgbà náà mí kanlẹ̀. Ó ká ọwọ́ lérí bó ṣe ká a lérí lánàá, ó kígbe.

"Ẹ gbọ́ o! Ọmọ yìí kì í ṣe olè! Kò pa fáànù kankan! Ilé mi ni àléébù wà, èmi ni mo ṣì í pè! Ẹ máa pè é wọ ilé yín!"

"Èmi ni mo kun irin," ni Bàbá wí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́. "Kì í ṣe ọmọ yẹn. Èmi ni."

Fáànù-Ò-Kú wo àwọn méjèèjì. Gbogbo títì ń dúró de ohun tí yóò sọ.

"Mo ti gbọ́, Màmá," ó wí. Ó gbé àpò rẹ̀ lé èjìká. "Bàbá, ẹ ní ohun tí ẹ fi ń ha ọ̀dà?"

Bàbá ní in. Ọmọkùnrin náà ló tú ìdè, Bàbá ló di ọ̀pá náà mú nígbà tí ọmọ náà ń ha á. Ọ̀dà ń bọ́ sílẹ̀ ní èèpo aláwọ̀ ewé, irin sì yọ, ó ń dán.

"Ibi tí irin bá ti ń kan irin, Bàbá, ẹ jẹ́ kó wà níhòòhò. Ibi yòókù, ẹ máa kùn ún bó ṣe wù yín."

"Àkàbà rẹ yìí ńkọ́?" ni Bàbá béèrè. "Kò ní àwọ̀ rárá."

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gùn ún kí n sọ̀ kalẹ̀ ná, Bàbá."

Ó fi bọ́ọ̀dù kan tó kù nínú àpò rẹ̀ sínú fáànù kan lápá òsì. Bàbá ló bá a di àkàbà mú. Sájẹ́ǹtì ń wo fáìlì tó ti wà ní pípa dé lábíyá rẹ̀.

Nígbà tí aago ara ògiri lu mẹ́rin, Ìyá Ìbejì tan áyọ́ọ̀nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gílóòbù méjèèjì jọra, wọn kò yẹsẹ̀. Fáànù tuntun ń yí. Fáànù àgbà tó wà ní kọ̀rọ̀ ń fẹ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe ń fẹ́ láàárọ̀.

Abẹ́rẹ́ ti gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀ lé bébà láìmọ̀. Ó wò ó. Ó gbé e kúrò, ó sì dúró.

Bébà náà kò mira. Abẹ́rẹ́ fa aṣọ mọ́ra, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e.